Nínú Mélòó?

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti lẹ ìwé ìdíje ìjà ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ògiri jímù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹrin ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú nínú ìwọ̀n tèmi, òun ló sì máa bá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè lọ. Mo ka orúkọ àwọn yòókù. Ẹlẹ́rìn-ín wà níbẹ̀. Níbo ni kò ní í wà? Ọdún méjì léra wọn ló ti nà mí nínú ìdíje yìí, tó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń nà mí.

Máníjà wa níbi iṣẹ́ kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí wọ́n bá mú mi, ilé iṣẹ́ á fún mi ní ìsinmi oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ mi á sì dúró dè mí. Bí wọn ò bá mú mi, láti oṣù karùn-ún ni mo ti di òṣìṣẹ́ alẹ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ alẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ náà ni jímù ń ṣí. Kò sẹ́ni tó nílò ìwé mẹ́wàá kó tó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọ̀gá, ẹni tó ń kọ́ wa ní ẹ̀ṣẹ́ ní jímù, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn eré ìdárayá. Ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún. Òun ni ohun ìjà tìẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fojú ara mi rí i tó gbé èèyàn ṣubú."

Mo ní, "Nínú mélòó, sà?"

"Kí ni nínú mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún mélòó tí mo ti jù?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá rẹ̀. Ó ní kí n lọ máa fo okùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta

Ìgò ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí. Ọgọ́rin ni mo mú nínú wọn. Mo wọn ọrùn wọn, mo wọn ìdí wọn, mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè síná kí n lè rí bóyá ó sán. Méjì sán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú. Bí mo bá yẹ mẹ́ta péré wò tí mo ní gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló dára, wọ́n á lé mi kí oòrùn tó kanrí.

Síbẹ̀, nítorí mẹ́ta náà ni mo ṣe ń jẹ ẹ̀ṣẹ́ láti ọdún méjì wá. Ojú tì mí bí mo ṣe ronú kàn án. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Ìbínú ló wúlò jù nínú méjèèjì, mo sì gbé e dání lọ sílé.

Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ọwọ́ òsì mi ló ń bà jù, èyí tó máa ń gba abẹ́ ìgúnpá wọlé sí ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n "ó ń ṣe mí bí ẹni" náà ni Ọ̀gá ń ṣe. Èmi fẹ́ kà á. Mo kọ òfin sí ẹ̀yìn ìwé yìí: ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì, ọ̀ọ́dúnrún ọwọ́ ọ̀tún, kí n tó la ẹnu mi sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó kọjú sí jímù. Òun ni mo bẹ̀ pé kó wá bá mi ka ẹ̀ṣẹ́. Kò fẹ́ràn ìjà, kò mọ ọwọ́ tí Ọ̀gá ń fẹ́, kò sì mọ èyí tí èmi ń fẹ́. Irú ẹni tó yẹ kó kà nìyẹn.

Èmi àti Àpáta wọ inú okùn ojú ìjà. Àpáta ni mo máa ń bá dánra wò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, obìnrin ńlá kan báyìí tó jẹ́ pé bí ó bá fọwọ́ kan èèyàn díẹ̀, onítọ̀hún á máa wá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kiri. A ja abala mẹ́ta. Mo sáré lọ bá Àǹtí.

"Mélòó ló bà, Àǹtí?"

"Mi ò mọ̀. Mo dijú."

"Ẹ dijú?"

"Ṣé kí n lajú sílẹ̀ kí n máa wò bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Odindi ọjọ́ kan lọ gbé báyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹta

Àǹtí fúnra rẹ̀ ló wá. Ó gbé tìmùtìmù tó ń gún píìnì mọ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e lé itan. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá bà, píìnì olórí pupa. Bí ó bá tàsé, olórí funfun. Apá òsì tìmùtìmù fún ọwọ́ òsì, apá ọ̀tún fún ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní bí ọwọ́ òun bá ti rí nǹkan ṣe, ojú òun ò ní í rántí láti pa dé. Òótọ́ ló sọ. Kódà ó tún ń pariwo, "Tàsé! Tàsé! Èyí ò kan nǹkankan!" títí Àpáta fi bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra.

Ọ̀gá rí wa. Ó bi mí bóyá a fẹ́ rán ṣòkòtò ni. Láti òní lọ, orúkọ mi nínú jímù ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n Onígò.

Báńdéèjì ọwọ́ ti fi ìdajì wọ́n sí i. Mo fọ àwọn ti àtijọ́, mo sá wọn sójú fèrèsé.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta

Òjò. Òrùlé jímù ń jò sí àárín okùn gan-an. A gbé korobá sí i, a ń jà yí i ká.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Ọwọ́ òsì: 60. Ó bà: 37.
Ọwọ́ ọ̀tún: 50. Ó bà: 6.

Mo wo tìmùtìmù yẹn títí. Apá òsì pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Apá ọ̀tún funfun báláú.

Mo mọ ohun tí mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀ọ́dúnrún ni mo pè. Àmọ́ Ọ̀gá ń kọjá lọ, ó sì tún sọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n Onígò" lẹ́ẹ̀kan sí i, ni mo bá gbé tìmùtìmù sí i lójú, mo ní, "Ẹ wò ó, sà! Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni òsì ń bà. Ọ̀tún yín ò tilẹ̀ tó ìdá méjì."

Ọ̀gá dúró. Ó wo píìnì, ó wo Àǹtí, ó wo èmi. Ó ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

Mo ní, "Ilé bàbá mi kọ́ ni mo ń júwe, sà. Ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì ni."

Àpáta rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí àwòrán ara rẹ̀ lára ògiri, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí wọ́n gbé e lé èjìká, tí bẹ́líìtì sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan ṣoṣo, ní abala tó kẹ́yìn, ló fún un ní bẹ́líìtì yẹn. A ti gbọ́ ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwa gan-an lè sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu, ìwọ wá ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́."

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta

Èjìká ń ro mí. Omi gbígbóná. Oorun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹta

Ọwọ́ òsì ti di 150. 92 ló bà. Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá síbẹ̀, kò yẹ̀ rárá.

Ọ̀gá ní bí mo bá fi ọwọ́ òsì jà ní ọjọ́ ìdíje, òun ò ní í dúró ní igun mi. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò pariwo, èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò fi ṣeré. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wo ojú ọkùnrin yẹn bí agogo bá lù. N kò tíì jókòó sórí àga igun rí kí n má rí i níwájú mi.

Mo ní, "Kò burú, sà." Ohùn mi ò gbọ̀n. Ilé ni mo dé kó tó gbọ̀n.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹta

Mo fẹ́ kọ eléyìí bó ṣe rí gan-an, n kò ní í fi bò.

Àwọn oníbàárà dá ìgò ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá padà láàárọ̀ yìí. Ìdí àwọn kan nínú wọn ń jábọ́. Bàbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ibi tí wọ́n ti ń di ìgò sí páálí, tó ku ọdún kan péré kó fẹ̀yìn tì, òun ló yẹ wọ́n wò. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mú ọgọ́rin?" Wọ́n ní àwọn mú ọgọ́rin, wọ́n tiẹ̀ mú ọgọ́rùn-ún kí ó lè dájú. Wọ́n fi ìwé hàn mí. Òótọ́ ni. Mo ní, "Níbo lẹ ti mú wọn?" Wọ́n ní ní ẹnu keje, nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ àga àwọn.

Ẹnu méjìlá ni ẹ̀rọ wa ní. Ẹnu kẹrin ló bàjẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ báà mú ẹgbẹ̀rún kan ní ẹnu keje, ẹnu keje nìkan lẹ yẹ̀ wò. Ẹ ò tíì mọ nǹkankan nípa..."

Ibẹ̀ ni mo gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ń sọ. Bàbá ń retí kí n parí rẹ̀.

Àádọ́jọ ẹ̀ṣẹ́. Ara ta ni mo ti kà wọ́n? Ara Àpáta. Gbogbo wọn pátá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹta

Mo ní kí Àpáta gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ jà. Ìgúnpá òsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà. Ìgúnpá ọ̀tún rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àyè tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ sì tó gba orí ọmọdé.

"Àpáta, kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Kò ṣe nǹkankan."

"Àpáta."

Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá Ọ̀gá ń bọ̀. Ó ní, "Èjìká yẹn yẹ̀ ní ọdún kẹta sẹ́yìn. Mi ò lè fà á mọ́ra mọ́. Jọ̀ọ́, má sọ fún un. Ó máa ní kí n lọ sinmi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá lọ sinmi, mi ò ní í padà wá."

Àkàrà tú sépo. Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá tí mo fi ń yangàn kì í ṣe tọwọ́ òsì mi. Ti èjìká Àpáta ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: mo ti fi ẹnu ara mi kó ara mi síta níwájú gbogbo ayé, ó sì ku oṣù kan géérégé.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, "Mo ṣìṣe, sà. Iye tí mo kà kò tọ́." N kò dárúkọ èjìká kankan.

Kí ó tó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ṣé o ti wá gbà báyìí pé ọwọ́ ọ̀tún ni?"

"Rárá o, sà. Mo gbà pé mi ò tíì mọ̀. Ẹ̀yin náà ò sì tíì mọ̀."

Ẹ̀rín yẹn lọ bí iná tí wọ́n pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹta

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo yọ gbogbo píìnì kúrò. Mo fi ọwọ́ ara mi yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dùn mí dé egungun.

Bí ẹ̀rọ bá ní ẹnu méjìlá, gbogbo ẹnu méjèèjìlá ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ jà ní jímù ẹlòmíì, ó ní àwọn yẹn á jí àṣírí wa. Àṣírí wo? Pé a máa ń pàdánù?

Èmi àti Àǹtí wọ ọkọ̀ lọ sí jímù tó wà lẹ́yìn ọgbà mẹkáníìkì. Àǹtí gbé tìmùtìmù sínú báàgì bí ẹni gbé ẹyin. Ọmọbìnrin tí wọ́n fún mi bá jà níbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ìgúnpá rẹ̀ kò kúrò lára ìhà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Òsì 40, 9 ló bà. Ọ̀tún 40, 4 ló bà. Imú mi ṣẹ̀jẹ̀.

Àǹtí ní, "Ṣé ibi tá à ń lọ rèé?"

Mo ní, "Ibi tá à ń lọ rèé."

Ó fún mi ní ìrépé aṣọ kí n fi nu imú. Ó ní kí n má fi aṣọ tó mọ́ nu ún.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹrin

Ẹnì kejì, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Òsì, 17 nínú 40. Ọ̀tún, 6. Ẹyin ti wọ́n gógó, mẹ́rin dípò mẹ́fà ni mo ń jẹ láàárọ̀ báyìí.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹrin

Ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, gbogbo nǹkan ló dojú dé: 7 péré ni òsì mi bà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ọkọ̀, Àǹtí bi mí bóyá a ò lè yọ ọlọ́wọ́ òsì yẹn kúrò nínú ìṣirò, torí "ìyẹn ò ṣe bí èèyàn." Mo ní tá a bá ń yọ èyí tí kò dùn mọ́ wa, kí a kúkú padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ó ronú sí i. Ó ní, "Òtítọ́ korò o."

Àwọn ènìyàn inú jímù wa ti ń sọ̀rọ̀ mi. Pé mo ti di alárìnkiri. Pé ẹ̀rù Ẹlẹ́rìn-ín ló ń bà mí tí mo fi ń wá ẹni tí kò mọ̀ọ́ jà kiri. Kí wọ́n máa wí. Ẹnu wọn kọ́ ló máa ṣiṣẹ́ alẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹrin

Ó parí. Ẹni mẹ́jọ, ogójì ẹ̀ṣẹ́ ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lára ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ òsì: 320. Ó bà: 108.
Ọwọ́ ọ̀tún: 320. Ó bà: 41.

Ọ̀kan nínú mẹ́ta fún òsì. Ọ̀kan nínú mẹ́jọ fún ọ̀tún. Ó jìnnà sí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá tí mo fi fọ́nnu níjọ́sí. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí láàárín ìrépé aṣọ, mo fẹ́ sunkún, nítorí mo ti ń fẹ́ràn nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo tún un wò. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́jọ tí ọ̀tún ti borí òsì, àní ọlọ́wọ́ òsì yẹn pàápàá. Ó kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́, kò sì sí èjìká ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹrin

Mo gbé e lọ bá Ọ̀gá. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ìṣirò kì í kan ẹ̀ṣẹ́."

Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún náà kì í kàn án, sà, ìgbà méje nínú mẹ́jọ."

"Ta ló kọ́ ẹ níjà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló kó ẹ kúrò nílẹ̀ nígbà tí o ò mọ bí wọ́n ṣe ń wé báńdéèjì?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa ju ọ̀tún sí Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jù ú, ẹ̀ẹ̀mejì ló nà mí. Mi ò bú yín, sà. Mo ń bẹ̀ yín ni. Ọ̀kan ṣoṣo yìí ló kù fún mi."

Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń so àpò iyanrìn tí kò tú. Ó ní, "Wá ẹlòmíì tó máa dúró ní igun rẹ."

Àpáta ní òun á dúró. Mo dúpẹ́. Mo sunkún níkẹyìn, ní ilé ìwẹ̀, pẹ̀lú omi tó ń ya.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹrin

Ìwọ̀n mi ti bọ́ sí i. Oòrùn mú. Òsì, òsì, òsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹrin

Bí mo bá pàdánù lọ́la, wọ́n á ní ìṣirò ló pa mí. Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ pé ẹni tó ní ọ̀kan nínú mẹ́ta lọ́wọ́ ṣì lè pàdánù. Ṣùgbọ́n n kò tún ní í fi ọwọ́ tí mo mọ̀ pé kò dára jà nítorí kí ọkàn ẹnikẹ́ni lè balẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹrin

Mo wọ inú okùn, mo wo igun mi. Àpáta wà níbẹ̀ pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn Àpáta, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbé korobá kalẹ̀. Ọ̀gá ni.

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Mi ò wá nítorí ìṣirò ẹ. Omi ni mo gbé wá."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Abala kìíní, Ẹlẹ́rìn-ín ló ni ín. Ó ń rẹ́rìn-ín. Òsì mi ń tàsé, òmíì ń bà, kò jọ pé nǹkankan ń ṣe é. Mo jókòó, Ọ̀gá fún mi lómi, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo tún padà lọ ju òsì.

Ní abala kejì ẹ̀rín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Lẹ́yìn tí ọ̀kan bà á dáadáa, mo gbọ́ èémí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgúnpá rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹni ṣọ́ ẹrù níbùdókọ̀. Abala kẹta, mo tún sún èjìká òsì, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sì dá dúró láìsí olùṣọ́. N kò ronú. Ọwọ́ ọ̀tún ló lọ.

Ó jókòó sílẹ̀. Rẹfirí ka eéjì, ka ẹẹ́ta, ka ẹẹ́jọ kó tó dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn ń hó. Nígbà tí agogo lù, adájọ́ mẹ́ta mú mi, méjì mú un.

Mo wọlé! Wọ́n mú mi! Oṣù mẹ́ta! Kò sí iṣẹ́ alẹ́!

Ọ̀gá fò wọ inú okùn, ó gbé mi sókè, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń kígbe sí gbogbo ayé, "Ọwọ́ ọ̀tún! Kí ni mo wí? Kí ni mo wí fún yín? Ọwọ́ ọ̀tún!"

Orí èjìká rẹ̀ ni mo wà.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹrin

Ojú òsì mi ti wú pa. Ojú kan ni mo fi ń kọ eléyìí.

Láti àárọ̀ ni Ọ̀gá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, tó ń ròyìn ọwọ́ ọ̀tún fún ẹni tó wá gba aṣọ àti ẹni tó kàn ń kọjá. Ní ìgbà kẹrin tó sọ ọ́, ẹ̀ṣẹ́ náà ti gbé Ẹlẹ́rìn-ín kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ó ní láti ọ̀la, gbogbo àwọn ọmọ jímù, ọ̀tún nìkan.

Mo ti jà, mo ti borí, wọ́n sì fẹ́ fi ìjà tèmi gan-an kó àwọn ẹlòmíì lọ jẹ ẹ̀ṣẹ́ ọdún méjì. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Àpáta, èyí tí wọ́n fi bá a ya ìjà náà, mo gbé e síwájú Ọ̀gá. Àǹtí yọ gbogbo píìnì kúrò lára tìmùtìmù, ó gbé e lé itan Ọ̀gá.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ kà á, sà. Mi ò ní í fọwọ́ kàn án."

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ kà? Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni?" Ṣùgbọ́n ó mú píìnì.

Ó pẹ́ kó tó parí. Àpáta ń dá fídíò dúró, ó ń dá a padà bó bá ní kó dá a padà. Ìka rẹ̀ tóbi jù fún píìnì, méjì gún un. Nígbà tó ṣe tán, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà.

Ọwọ́ òsì: 38. Ó bà: 13.
Ọwọ́ ọ̀tún: 9. Ó bà: 1.

Ó fi ìka kan orí pupa kan ṣoṣo tó wà lápá ọ̀tún yẹn. Ó ní, "Eléyìí ló gbé e ṣubú."

"Òun ni, sà. Ó bà á gan-an. Mi ò sọ pé kò bà."

"Àwọn mẹ́jọ tó kù ńkọ́?"

"Bí wọ́n ṣe ń tàsé ló ń rí àyè bà mí, sà. Ẹ wo ojú mi."

Ó wo ojú mi tó wú. Mo ní, "Ìjà kan ṣoṣo sì ni, sà. Ẹ má fi ìyẹn náà ní kí gbogbo wọn máa ju òsì lọ́la."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ píìnì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí fi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

Ó ní, "Níbo ni fídíò ọdún tó kọjá wà? Àti ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì tí mo ní kí o ju ọ̀tún."

Àpáta wá wọn jáde. Òótọ́ ni pé ẹ̀rù bà mí láti wò wọ́n, ṣùgbọ́n òun ló ń wò. Ó tẹ orí ba fóònù, píìnì wà láàárín ìka rẹ̀ méjì. Funfun. Funfun. Funfun. Funfun. Àǹtí rọra ti páálí píìnì mìíràn sún mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni olùṣe bàtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti yọ orí wọlé, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀rín. "Ọ̀gá o! Mo gbọ́ o! Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún yẹn mà bà á o!"

Ọ̀gá kò gbé orí sókè.

Ó ní, "Nínú mélòó?"